Lápò, Lápó

"Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó." Ẹ pe méjèèjì kẹ́ ẹ gbọ́ ọ: lápò, lápó. Ohùn nìkan ló yà wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ bá ẹni tí kò gbà pé àrùn wà sọ̀rọ̀ àjàkálẹ̀ àrùn, ibi ohùn yìí ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 2020 tí kòrónà gbòde, mo bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi nídìí ata rẹ̀ ní Bódìjà, n'Íbàdàn. Ó ní ìbomú, àmọ́ àgbọ̀n ló fi bò. Ó ní àrùn olówó ni, pé oòrùn ọjà ti sun tòun jóná. Ni mo bá ní, "Màmá, ẹ máa kú o!" Ẹ gbà mí! Ta ní í sọ fún àgbà pé yóò kú? Èpè ni létí Yorùbá. "Olórí burúkú ni yóò kú," ló fi dá mi lóhùn, ó kọjú sí oníbàárà. Ọfà ti jáde lápó nìyẹn. Bí mo ka iye òkú Ítálì fún un títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní í gbọ́.

Àwọn kan á ní òpè nirú wọn. N kò gbà. Lóṣù kẹjọ 2014 tí Ẹ̀bólà wà l'Ékòó, fóònù ń dún lóru: "Ẹ fomi iyọ̀ wẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, kẹ́ ẹ sì mu díẹ̀ níbẹ̀." Ọ̀mọ̀wé wẹ̀, mẹ̀kúnnù wẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní wọ́n ka ikú èèyàn 2, ó kéré tán, sí omi iyọ̀ lọ́rùn. Ta ló ń pè wọ́n? Àbúrò ni, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ni, ẹni tí kò rí oorun sùn nítorí tiwọn. Irọ́ gbáà, ohùn ìfẹ́ ló gbé e wọlé. Òótọ́ tí ọlọ́pàá mú kòbókò tẹ̀ lé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

Ìjọba náà sì ní ẹjọ́ tiẹ̀. Ẹni tó febi jókòó nígbà kónílé-ó-gbélé, òun náà ló rí i lóṣù kẹwàá 2020 pé oúnjẹ ìrànwọ́ kún ilé ìkẹ́rù kan fọ́fọ́ ní Mazamaza, l'Ékòó. Àwọn gómìnà ní àwọn ò tíì pín in tán ni. Ẹni ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Bó bá ń bínú, ẹ jẹ́ kó bínú tán, ẹ má sì gbèjà ohun tí kò ṣeé gbè.

Ní 2021 tí abẹ́rẹ́ àjẹsára dé, mo padà sí Bódìjà. Mo ra ata, mo dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì ọ̀rọ̀ ọjọ́sí. N kò dárúkọ àrùn. Òun ló bi mí pé, "Ìwọ gan-an, o ti gbà á?" Mo ká apá aṣọ sókè. Mo sọ fún un pé ibà mú mi mọ́jú, àmọ́ kò ju ọjọ́ kan lọ.

"Ó mú ẹ mọ́jú?" Ó fọwọ́ kan ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wo igbá ata rẹ̀.

"Ọjọ́bọ̀ ò dáa, ata tuntun ń bọ̀. Jẹ́ ká lọ lọ́jọ́ Ajé."