Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Kọ́ṣẹ́ Pọ̀ Lọ́dọ̀ Dókítà Ìdílé

Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àti ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ìdílé (dókítà àdúgbò tí èèyàn kọ́kọ́ máa ń lọ bá fún àìsàn gbogbo) gan-an lè wà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà, síbẹ̀ kí ẹ̀kọ́ oníkálukú máa dá lọ lọ́tọ̀. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ibi tí owó ti ń wá ló fà á: yunifásítì ló ń bójú tó ti àkọ́kọ́, ilé ìwòsàn ńlá ló ni èkejì, àjọ mìíràn ló ni ẹ̀kẹta. Ọ̀gá á wá máa sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. A fẹ́ kí èyí dópin.

Ẹ wo àgbàlagbà tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tí egbò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ jókòó tì í, kó gbọ́ bí egbò náà ṣe bẹ̀rẹ̀, kó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kejì, kó yẹ àárín ọmọ ìka wò. Kí dókítà tuntun wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé ẹsẹ̀ náà dáadáa, kó fi okùn tín-ín-rín tọ́ ọ bóyá aláìsàn ṣì ń mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ìdílé á wá sọ oògùn tó fẹ́ yí padà àti ìdí rẹ̀, lójú àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá ń ṣàlàyé fún àbúrò rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ló máa ń tètè rí ibi tí òye òun ò tíì dé. Ọ̀gá á gbọ́ gbogbo rẹ̀, á tún èyí tó kù díẹ̀ ṣe kí aláìsàn tó dìde. (Aláìsàn ló ni àṣẹ o: bó bá ní òun ò fẹ́ èrò lórí òun, ọ̀rọ̀ parí.)

Àwọn kan ní ilé ìwòsàn ńlá nìkan ni ẹ̀kọ́ gidi wà. Láti 1997 ni Yunifásítì Flinders ní Ọsirélíà ti ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ lo odidi ọdún kan lọ́dọ̀ àwọn dókítà ìdílé ní ìgbèríko, èsì ìdánwò wọn kò sì rẹlẹ̀ sí ti àwọn tó dúró sílé ìwòsàn ńlá. Ìjọba orílẹ̀-èdè yẹn kan náà ló kéde lọ́dún 2014 pé òun ò ní náwó mọ́ sórí ètò tó ń gbé dókítà tuntun lọ sọ́dọ̀ dókítà ìdílé. Bí ọ̀nà tó wà láàárín akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ìdílé ṣe já nìyẹn. Èyí tó dùn wá jù ni pé owó ni wọ́n rò, wọn ò ro ẹ̀kọ́.

Kí àwọn tó ń náwó sí ẹ̀kọ́ yìí da owó wọn pọ̀. Kí wọ́n sanwó wákàtí tí ọ̀gá fi ń kọ́ni, torí aláìsàn tí kò rí ní wákàtí yẹn, owó tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Kí wọ́n kọ́ yàrá kún yàrá. Kí wọ́n má sì sọ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ di olùkọ́ ọ̀fẹ́: kí wọ́n ka ìkọ́ni mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì ní àkókò tirẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá, níbi tó ti lè béèrè ohun tí ojú á tì í láti béèrè níwájú akẹ́kọ̀ọ́.