Lánlọ́ọ̀dù ò gba ẹ̀bẹ̀

(Aago mẹ́fà ààbọ̀ ìdájí, àgbàlá ilé oníyàrá mẹ́rìndínlógún ní Mushin. Kóòṣì ń kọ́ Wálé ní púṣọ́ọ̀pù. Wálé jẹ owó ilé oṣù mẹ́ta. Ẹ ti mọ ìyókù.)

KÓÒṢÌ: Brọ́dà Wálé, a ò ní ti ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o. Ọwọ́ tó jẹ́ pé rìmóòtù nìkan ló ń gbé, tẹ́ ẹ bá gbé e délẹ̀ lónìí imú lẹ ó fi balẹ̀. Ẹ kọjú sí ògiri. Ẹ gbọ́wọ́ lé e, kó fẹ̀ ju èjìká lọ díẹ̀, ẹ wá tẹ̀ síwájú, kẹ́ ẹ tì padà. Mẹ́wàá péré.

WÁLÉ: Ọ̀kan!

KÓÒṢÌ: Òdo.

WÁLÉ: Mo ṣáà ti ṣe é!

KÓÒṢÌ: Orí lẹ mì bí alángbá. Àyà ò sún mọ́ ògiri rárá. Òdo.

(Lánlọ́ọ̀dù yọ, pákò lẹ́nu.)

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Haa! Wálé! O jẹ mí lówó oṣù mẹ́ta, o tún wá ń ti ilé mi! O fẹ́ kó wó kí n má rí nǹkan gbowó lé lórí mọ́, àbí?

WÁLÉ: Ẹ káàárọ̀ sà. Púṣọ́ọ̀pù ni sà.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Púṣọ́ọ̀pù burúkú! Ilé tí mo kọ́ lọ́dún 1987, tó jẹ́ pé iyanrìn ló pọ̀ jù níbẹ̀, èmi tí mo ni ín gan-an kì í fẹ̀yìn tì í!

WÁLÉ: Ẹ̀n-ẹ́n? Yàrá mi ńkọ́ sà?

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Ìyẹn ò sí nínú ọ̀rọ̀ tá à ń sọ.

KÓÒṢÌ: Ó da, ẹ fi ògiri baba sílẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbọ́wọ́ síwájú. Tí orúnkún bá wà nílẹ̀, ẹrù á dín kù fún apá.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Ọkùnrin ń kúnlẹ̀! Wò ó, mi ò gba ẹ̀bẹ̀. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ báyìí lọ́dún tó kọjá pé kí n má fowó kún owó ilé yín, mo fi kún un, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó lọ́wọ́ òun náà.

KÓÒṢÌ: Ìdí! Ẹ sọ ìdí kalẹ̀, ó dà bí ẹni ń wá náírà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má jẹ́ kí ìgúnpá yà síta bí ìyẹ́ adìyẹ. Òdo.

WÁLÉ: Òdo kẹ̀! Apá mi ń gbọ̀n, àyà mi ń ta mí!

KÓÒṢÌ: Ibi tó yẹ kó ta yín náà nìyẹn. Tó bá jẹ́ ìbàdí ló ń dùn yín ni kẹ́ ẹ pariwo, ẹ ti tú ikùn sílẹ̀ nìyẹn. Ó yá, ẹ gbé orúnkún kúrò nílẹ̀, ká ṣe ojúlówó. Kílò mélòó lẹ wọ̀n?

WÁLÉ: 75.

KÓÒṢÌ: Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀ lẹ máa fọwọ́ gbé. Ìyẹn kílò 50, àpò sìmẹ́ńtì kan gbáko.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Àpò kan odidi? Ìyẹn ju èyí tó wà nínú yàrá ẹ̀ lọ.

(Wálé nà gbalaja sílẹ̀.)

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Ẹ̀hẹ́ẹ̀ẹ̀n! Ó ti dọ̀bálẹ̀! Ó ti yé e! Ó da, torí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn, mo fún ẹ di ọjọ́ Ẹtì.

(Wálé gbórí sókè, ó wo Kóòṣì. Ó tì, ó gòkè, ó tún sọ̀ kalẹ̀.)

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Ó tún dọ̀bálẹ̀! Ọmọ tó gbẹ̀kọ́! Ọ̀sẹ̀ kan lórí ẹ̀.

WÁLÉ: (ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ) Kóòṣì, ṣé mo lè máa ṣe é lójoojúmọ́?

KÓÒṢÌ: Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ti tó yín. Ara gbọ́dọ̀ sinmi ọjọ́ kan láàárín.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Owó ilé ò kì í sinmi ní tiẹ̀.

(Wálé tún tì. Ó tún sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì. Ó tún tì, gbogbo ara ń gbọ̀n bí jẹnẹrétọ̀ tí epo ẹ̀ fẹ́ tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Agbára tí ò ní látàárọ̀, a ò mọ ibi tó ti rí i.)

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Ó ti tó, ó ti tó! Èmi náà mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, 200 ni mò ń ṣe láàárọ̀, ọwọ́ kan ṣoṣo.

KÓÒṢÌ: Ẹ ṣe ọ̀kan ká wò ó, baba.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Ẹsẹ̀ ń dùn mí.

KÓÒṢÌ: Ọwọ́ la fi ń ṣe é, baba.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Òun ni mo fi di pákò mú, ṣé o ò ríran ni?

WÁLÉ: Kóòṣì, mélòó ni mo ṣe? Ẹ gbọ́ o, baba, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ ti fún mi o.

KÓÒṢÌ: Òdo.

WÁLÉ: Kóòṣì!

KÓÒṢÌ: Àyà yín ò sún mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àárín ọ̀nà lẹ ti ń padà.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Ẹ gbọ́ o! Ọ̀gá tó kọ́ ẹ ló ní òdo! Àyà ò balẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ ò wọlé nìyẹn, mo ti gba ọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mi padà. Owó mi dà?

WÁLÉ: Kóòṣì, ta lo ń bá ṣiṣẹ́ gan-an?

KÓÒṢÌ: Brọ́dà Wálé, oṣù méjì lẹ jẹ èmi náà.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: (ó fa àga) Ọmọ mi, jókòó. Wálé, padà sílẹ̀. Máa kà á lọ, Kóòṣì.

KÓÒṢÌ: Òdo...