Ìyà Tó Ṣáájú Ìdájọ́

Ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Àgbọ̀wọ́, níbi tó kọjú sí géètì Yunifásítì Ìbàdàn, ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó mọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ í kọ ju lọ́yà lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba kúérì, ìyẹn ìwé tó ní kó wá ṣàlàyé ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń júwe fún un. Ó mọ ibi tó yẹ kéèyàn ti kọ́kọ́ wí pé "sà", ó mọ ibi tó yẹ kó ti dárúkọ ìyá rẹ̀ tó jẹ́ opó, ó sì mọ̀ pé lẹ́tà náà kò gbọdọ̀ ju ojú ewé kan lọ torí pé ọ̀gá kì í ka èkejì.

Orí ara rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Nílé ẹ̀kọ́ gíga kan tí a kò ní dárúkọ, wọ́n ká ìwé pélébé kan mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò nígbà tó ku péédé ìdánwò méjì kó jáde. Ó kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù tí alámòójútó gbé fún un, ó fọwọ́ sí i, ó parí àwọn ìdánwò tó kù, ó wá ń retí ìgbìmọ̀ ìbáwí. Ọdún kejì rèé. Kò sọ fún wa pé ìwé náà kì í ṣe tòun. Ó ní tòun ni, àmọ́ iṣẹ́ mìíràn ló wà lára rẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ṣe ìdánwò rẹ̀ lọ́jọ́ náà. A ò mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ni láti mọ̀, ìgbìmọ̀ kò sì tíì pè é.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kà wá mọ́ alágbàwí olè ìdánwò o. Ẹni tó fi expo, ìyẹn màgòmágó ìdánwò, gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì lónìí, abẹ́rẹ́ ni yóò gún fún ìyá wa lọ́la. Ẹni tó ń fi àáké dẹ́rù ba àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní hóòlù lóru, ẹni tó fipá bá ọmọlọ́mọ lò, ẹni tó lọ dúró de olùkọ́ níbi tó gbé mọ́tò sí nítorí máàkì, tọlọ́pàá ni gbogbo ìwọ̀nyí kó tó di ti yunifásítì, kí wọ́n sì tètè fà wọ́n lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá lè báni wí, ọjà ni. Ohun tí à ń bá àwọn aláṣẹ wí lé lórí ni ọjọ́ tí wọ́n ń jẹ kí wọ́n tó báni wí.

Ẹ wo bí ẹjọ́ kan ṣe ń rìn. Láti gbọ̀ngàn ìdánwò, fọ́ọ̀mù á lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ á gbé e fún pánẹ̀lì fákọ́tì. Pánẹ̀lì fákọ́tì á ṣèwádìí, á wá gbé e fún ìgbìmọ̀ ìbáwí gbogbogbòò, kó tó wá di pé Sénéètì, ìgbìmọ̀ àgbà àwọn olùkọ́ yunifásítì, tàbí ọ̀gá àgbà yunifásítì buwọ́ lù ú. Àwọn tó jókòó nínú àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyí, olùkọ́ ni wọ́n. Wọ́n ń kọ́ni, wọ́n ń máàkì, wọ́n ń wá owó ìwádìí kiri. Kò sí ẹni tó ń bi wọ́n pé ẹjọ́ mélòó ló wà nílẹ̀. Bí ìyanṣẹ́lódì bá tún wá bọ́ sí àárín, bíi ti ọdún 2022 tó gba oṣù mẹ́jọ gbáko, fáìlì á sùn, eruku á bò ó.

Ní gbogbo àkókò yìí, wọ́n ti so èsì ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́ náà rọ̀. Kò ní ìwé tó lè fi wáṣẹ́. Kò lè lọ sin ìlú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wọ kàkí, wọ́n ti bọ́ ọ. Èyí tó sì burú jù níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó gboyè kò lè ṣe àgùnbánirọ̀ mọ́. Ìwé ìyọ̀ǹda ni wọn yóò fún un. Ní orílẹ̀-èdè tí ọmọ ń ṣe JAMB ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kó tó wọlé, tí ìyanṣẹ́lódì tún ń jẹ nínú ọjọ́ orí rẹ̀, ọdún méjì tí fáìlì fi sùn nínú dúrọ́ọ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ìṣirò mìíràn tún wà níbẹ̀ tí kò yé wa. Ká ní ìgbìmọ̀ jókòó nígbẹ̀yìn, wọ́n ní kí ọmọ náà lọ rọ́síkéètì, ìyẹn kó lọ jókòó sílé, fún sẹ̀mẹ́sítà méjì. Ọjọ́ tí lẹ́tà jáde ni wọ́n máa ń sábà bẹ̀rẹ̀ sí kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n mú un. Sẹ̀mẹ́sítà mẹ́rin tó ti fi jókòó sílé kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ìyà sẹ̀mẹ́sítà méjì ló wà lórí lẹ́tà, mẹ́fà ló jẹ. Olè tó jí ewúrẹ́ gan-an, bó bá dé iwájú adájọ́, òfin ìṣèdájọ́ ẹ̀sùn ọ̀daràn ti ọdún 2015 ní kí adájọ́ wo iye ọjọ́ tó ti lò ní àhámọ́ kó tó sọ iye tó kù. Kí ló dé tí akẹ́kọ̀ọ́ kò rí èyí tí olè ewúrẹ́ rí?

Àwọn kan á ní bí ìyà bá ṣe ń le tó ni ẹ̀rù ṣe ń bani tó. Ìjọba ológun ti dán èyí wò. Òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1984 ní kí ẹni tó bá ṣe màgòmágó ìdánwò lọ sẹ́wọ̀n ọdún 21. Ọdún 21! Ta ló rántí ẹni tó lo ọdún 21 náà pé? Nígbà tó di 1999, wọ́n tún òfin náà ṣe, wọ́n dín in kù jìnnà. Ní gbogbo àsìkò tó fi wà, expo kò kúrò nílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó rí i pé wọ́n mú lágbájá ní oṣù kejì tí wọ́n sì ti dájọ́ rẹ̀ ní oṣù kẹrin, ẹ̀rù òfin á bà á. Èyí tó rí i pé wọ́n mú lágbájá nígbà tí òun wà ní ọdún kejì, tí òun sì ṣe tán kí wọ́n tó pè é, orí burúkú ni yóò pe ti lágbájá.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò sì dákẹ́ lórí èyí. Abala 36 rẹ̀ kò sọ pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu ẹni nìkan. Ó ní láàárín àkókò tó bójú mu. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ náà ti sọ̀rọ̀ lórí bó ṣe yẹ kí yunifásítì máa bá ọmọ wí. Lọ́dún 1986, nínú ẹjọ́ Garba àti Yunifásítì Maiduguri, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n lé lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 1983 jàre, nítorí pé ẹ̀sùn ọ̀daràn bíi ináyíyọ sílé kì í ṣe ohun tí pánẹ̀lì yunifásítì lè dá lẹ́bi, àti nítorí pé igbákejì ọ̀gá àgbà tí nǹkan rẹ̀ bá rògbòdìyàn náà lọ ló tún jókòó gẹ́gẹ́ bí alága. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó wá tún jẹ́ ẹlẹ́jọ́ àti adájọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́?

Níbí ni ọ̀rọ̀ ìwọ́de ti wọlé. Ìbàdàn ò lè sọ pé òun ò mọ ibi tí kí wọ́n má tètè dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lóhùn ń já sí. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ní hóòlù ló bẹ̀rẹ̀ ní ìparí January 1971. Kí ó tó tán, ìbọn ọlọ́pàá ti pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, Kúnlé Adépéjù, ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lára ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ UI títí dòní. Ní 2017, káàdì ìdánimọ̀ tí àwọn ọmọ sanwó rẹ̀ tí wọn kò rí gbà ló dá ìwọ́de sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tì, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Lóṣù karùn-ún 2024, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta gbé páálí dání níbi ìbúra àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ní owó ilé ẹ̀kọ́ ti pọ̀ jù. Ó di 2025 kí ọ̀rọ̀ náà tó parí níwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí. Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ páálí ni à ń sọ yìí. Kò sí ẹ̀rí tí wọ́n ń wá lọ sí òkè òkun. Kí sì ni iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ìbáwí nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó ní òun ò rówó san?

Ìyà pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ṣe déédéé. Ní hóòlù, ẹ̀ṣẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹni tí kò rí bẹ́ẹ̀dì gbà máa sùn sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, tàbí kí wọ́n ká ìkòkò ìrẹsì mọ́ ẹnìkan lórí síítóòfù oníná. (Àwọn ọ̀gá tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, kí wọ́n rántí ibi tí àwọn náà sùn nígbà tiwọn.) Ẹ gba síítóòfù náà, ẹ ní kó ro oko yí hóòlù ká ní Sátidé mẹ́ta, ẹ ní kó san owó ohun tó bàjẹ́. Kò yẹ kí irú èyí dé ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn aláàáké.

Ohun tí a fẹ́ kí Ìgbìmọ̀ Àpàṣẹ (Governing Council) àwọn yunifásítì ìlú yìí ṣe ni kí wọ́n fi ọjọ́ sí i. Ẹjọ́ ìdánwò sẹ̀mẹ́sítà yìí, kí wọ́n dá a kí ìdánwò sẹ̀mẹ́sítà tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ kò bá jókòó títí dìgbà náà, kí wọ́n tú èsì ọmọ náà sílẹ̀, kí àwọn tó pẹ́ lórí ẹjọ́ lọ ṣàlàyé ara wọn fún Sénéètì. Àkókò tí ọmọ náà bá ti fi jókòó sílé, kí wọ́n kà á mọ́ ìyà rẹ̀. Kí lẹ́tà ìdájọ́ máa sọ ní gbangba pé ẹni tí wọ́n ní kó lọ sílé lè pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀ Àpàṣẹ, kó sì kọ iye ọjọ́ tó ní láti ṣe é. Ọ̀pọ̀ òbí tó ń wólẹ̀ kiri ní ọ́fíìsì, wọn ò mọ̀ pé ọ̀nà yẹn wà.

A gbọ́ pé àwọn kan ń sọ pé bí wọ́n bá kánjú, wọ́n lè dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó fi ọdún méjì sílẹ̀ kò fi í ṣèwádìí. Ẹlẹ́rìí tó rí ìwé pélébé náà ti gbàgbé àwọ̀ rẹ̀. Alámòójútó mìíràn ti jápa lọ sí Kánádà. Kí ni wọ́n fẹ́ fi gbọ́ ẹjọ́ ọ̀hún?

Oṣù kejìlá ni ọmọkùnrin Àgbọ̀wọ́ yìí yóò pé ọgbọ̀n ọdún. A bi í pé irú ìdájọ́ wo ló ń retí lọ́wọ́ ìgbìmọ̀. Ó ní kí wọ́n ṣáà dá nǹkan kan. Oníbàárà kan wọlé bá a pẹ̀lú kúérì lọ́wọ́, ó ní kó jókòó, ó sì yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀.