Òfin Ọjọ́ Kan

Ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù kẹjọ ọdún 1911 ni ilé aṣòfin kékeré nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi parí iṣẹ́ lórí òfin àṣírí ìjọba. Ìbẹ̀rù amí Jámánì ló gbòde nígbà náà. Abala kejì òfin ọ̀hún sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí òṣìṣẹ́ ìjọba sọ ohunkóhun tó rí lẹ́nu iṣẹ́ fún ará ìta láìgbàṣẹ, ìbáà ṣe ohun tí kò tó nǹkan. Ọdún 1989 ni wọ́n tó rí i yọ kúrò. Ọ̀sán kan ni wọ́n fi dì í, ọdún 78 ni wọ́n fi rù ú.

Síbẹ̀, àwọn ìjọba onípálámẹ́ǹtì, níbi tí olórí ìjọba ti ń jáde láti inú ilé aṣòfin, kò tíì jáwọ́ nínú irú ìkánjú yìí. Ó yẹ kí wọ́n jáwọ́.

Bó ṣe yẹ kí òfin rìn nìyí. Ní kíkà àkọ́kọ́, orúkọ àbádòfin lásán ni wọ́n ń pè. Kíkà kejì ni wọ́n ń jiyàn bóyá ó tilẹ̀ wúlò. Ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó ni iṣẹ́ gan-an wà: wọ́n á tú u wò ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á béèrè pé, "Ta gan-an ni ibí yìí ń bá wí?", mínísítà á sì máa họrí. (Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ bíi "lè" àti "gbọ́dọ̀", wọ́n ti rán èèyàn lẹ́wọ̀n rí.) Ìgbà náà ni yóò tó padà síwájú gbogbo ilé fún kíkà kẹta, kó tó kan ilé kejì, níbi tí wọ́n bá ti ní in, àti ìbuwọ́lù.

Níbi tí ààrẹ ti dá dúró, ó lè kọ̀ láti buwọ́ lu ohun tí àwọn aṣòfin ṣe. Ní pálámẹ́ǹtì, ẹni tó gbé àbá wá náà ló sábà máa ń ní ìbò tí yóò fi kọjá. Ọdún 1708 ni Ọbabìnrin Anne kọ̀ láti fọwọ́ sí àbádòfin kan. Láti ìgbà náà, kò sí ọba Gẹ̀ẹ́sì tó tún dán irú rẹ̀ wò. Ilé àwọn ọ̀tọ̀kùlú náà, ìyẹn ilé kejì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1949, kò lè dá ọ̀pọ̀ àbá dúró ju nǹkan bí ọdún kan lọ. Kí ló wá kù tó lè fa ìjánu? Àkókò ni.

Lóṣù keje ọdún 2014, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé òfin kan wá lórí títọ́jú àkọsílẹ̀ ìpè àti íntánẹ́ẹ̀tì àwọn aráàlú. Ọjọ́ 14 ló wọlé, ọjọ́ 17 ló di òfin. Kò ju ọdún kan lọ tí ilé ẹjọ́ gíga fi sọ pé àwọn abala pàtàkì rẹ̀ kò bófin mu. Méjì nínú àwọn aṣòfin fúnra wọn wà lára àwọn tó pẹjọ́.

A mọ̀ pé àjàkálẹ̀ àrùn kì í dúró de kíkà kẹta. Òfin kòrónà tí ilé yẹn kan náà ṣe ní ọdún 2020 yára bí iná, ṣùgbọ́n wọ́n fún èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní ọdún méjì péré láti gbé, wọ́n sì ní kí ilé máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Irú èyí ni a fẹ́ kó di dandan: kí òfin ìkánjú kú fúnra rẹ̀, àyàfi tí ilé bá tún un gbé yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí kíkà kejì àti iṣẹ́ ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó má sì wáyé lọ́jọ́ kan náà láé, ì báà jẹ́ òru kan ṣoṣo ni yóò là wọ́n láàárín.