Yíyọ abẹnugan kì í ṣe yíyọ aṣòfin

Wọ́n ń pín in kiri pé nígbà tí wọ́n yọ Mudashiru Obasa nípò abẹnugan ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní, 2025, ó ti kúrò nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó pátápátá. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ipò abẹnugan nìkan ni wọ́n gbà. Àwọn aṣòfin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi í síbẹ̀ ní 2015. Àwọn olùdìbò ẹkùn Agége Kìíní ló fún un ní àga aṣòfin, ìyẹn ò sì yí padà.

Ẹ ṣí ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999. Abala 92 ní ìdá méjì nínú mẹ́ta aṣòfin ló lè yọ abẹnugan: 27 nínú 40 l'Ékòó. Pípe aṣòfin padà, ìyẹn kí àwọn olùdìbò yọ ọ́ kúrò nílé aṣòfin, wà ní abala 110, ó sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa: ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn náà lọ tó máa fọwọ́ síwèé, kí INEC tó ṣètò ìbò láàárín 90 ọjọ́.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, Mojisola Meranda, tí wọ́n fi rọ́pò Obasa, fipò sílẹ̀, Obasa sì padà di abẹnugan. Abala 92 kan náà ní àárín àwọn aṣòfin ni wọ́n ti ń yan abẹnugan. Tí àga rẹ̀ bá ti bọ́, wọn kì bá tí lè yàn án.