“Ọ̀fẹ́ ni, kò lè dára”: ìgbàgbọ́ tó ń ba iṣẹ́ àwọn ọmọ wa jẹ́ nídìí ìṣirò mátíríìsì

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi, láti Kàbà dé Ìyàrà, dé Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn ọmọ wa tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìṣirò, físíìsì àti iṣẹ́ àgbẹ̀, tó yẹ ká tú palẹ̀. Wọ́n gbà pé bí pùrójẹ́ẹ̀tì bá ti lè kan mátíríìsì (nọ́ńbà tí a tò ní ìlà àti òpó), MATLAB, ètò ìṣirò tí wọ́n ń tà, nìkan ló ṣeé fọkàn tán. Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ìyẹn NumPy (àkójọ ìṣirò fún èdè Python), Octave (ètò tó jọ MATLAB) tàbí LAPACK (àkójọ ètò fún ìṣirò mátíríìsì), wọ́n ní ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni. Wọ́n ní ìdáhùn rẹ̀ kì í péye, wọ́n sì ní ó ń falẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tí kò lówó MATLAB á wá èyí tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ. Á gbà á sórí fíláàṣì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, wọ́n á sì ní kó kọ́kọ́ pa antivirus kó tó lè ṣí i. Ẹni tó ní kí o so ajá mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé lóru, ṣé àlejò nìyẹn? Mo ti rí láptọ́ọ̀pù tí gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀ ṣègbé nípasẹ̀ irú fáìlì bẹ́ẹ̀, nígbà tó ku díẹ̀ kí ọmọ náà fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó dùn mí gan-an, torí ohun tó ń wá kiri wà lọ́fẹ̀ẹ́, láìlábàwọ́n.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn MATLAB fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìgbàgbọ́ yìí ti wó.

Láàrin ọdún 1970 sí 1979, àwọn onímọ̀ ìṣirò kó àkójọ ètò méjì jọ ní Fortran, èdè ìkọ ètò kọ̀ǹpútà, ní ilé ìwádìí Argonne, ní Amẹ́ríkà. EISPACK wà fún wíwá eigenvalue (àwọn nọ́ńbà pàtàkì kan tí a ń yọ lára mátíríìsì), LINPACK sì wà fún yíyanjú ọ̀wọ́ ìdọ́gba. Owó ìjọba ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà, ẹnikẹ́ni ló sì lè mú un lò. Cleve Moler wà lára àwọn tó kọ LINPACK. Ó ń kọ́ni ní Yunifásítì New Mexico nígbà náà, ó sì fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè lo àkójọ méjèèjì láìjẹ́ pé wọ́n ń kọ Fortran. Ìdí tó fi kọ MATLAB àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọ̀fẹ́ ni MATLAB àkọ́kọ́ yẹn pẹ̀lú. Ọdún 1984 ni wọ́n tó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ láti máa tà á.

Ní ọdún 1992, LAPACK jáde. Òun ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ LINPACK àti EISPACK, ọ̀fẹ́ ni láti ọjọ́ náà títí di òní. Nígbà tí MATLAB 6 dé ní ọdún 2000, wọ́n yọ LINPACK àti EISPACK kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì fi LAPACK rọ́pò wọn. Ẹni tó bá ní MATLAB nítòsí lè tẹ èyí:

version -lapack

Á fi orúkọ LAPACK tó wà nínú rẹ̀ hàn ọ́. Nígbà tí o bá sì fẹ́ yanjú ìdọ́gba, tí o kọ np.linalg.solve ní NumPy, tàbí A\b ní Octave, LAPACK náà ló ń dá ọ lóhùn. Jack Dongarra, tó wà lára àwọn tó kọ LINPACK àti LAPACK, gba ẹ̀bùn Turing ti ọdún 2021. Kò sí ẹ̀bùn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ó máa pè ní ti ọmọdé?

Ọ̀rọ̀ pé ó ń falẹ̀ ní tirẹ̀ ní ìdí, mi ò sì ní sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Abẹ́ LAPACK ni BLAS wà, òun ló ń ṣe ìsọdipúpọ̀ àti ìròpọ̀ gan-an. Ìpele mẹ́ta ló ní: ti fẹ́kítọ̀ (nọ́ńbà tí a tò ní ìlà kan) sí fẹ́kítọ̀ jáde ní 1979, ti mátíríìsì sí fẹ́kítọ̀ ní 1988, ti mátíríìsì sí mátíríìsì ní 1990. BLAS tí wọ́n gbé sí Netlib, ìkànnì tí wọ́n ń kó ètò ìṣirò ọ̀fẹ́ sí, jẹ́ àwòkọ́ṣe. Wọ́n kọ ọ́ kó lè tọ̀nà, kó sì yéni, wọn ò kọ ọ́ kó lè sáré. Bí Octave tàbí LAPACK rẹ bá jókòó lé e lórí, wàá dúró pẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n BLAS ọ̀fẹ́ mìíràn wà tó ń sáré, OpenBLAS ni. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2011, láti ara iṣẹ́ tí Kazushige Goto ti ṣe ṣáájú. Ńṣe ló ń gé mátíríìsì sí wẹ́wẹ́ kí ègé kọ̀ọ̀kan lè wọ inú ìrántí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, á sì pín iṣẹ́ fún gbogbo core (ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ náà) tó wà níbẹ̀. Lórí Ubuntu, ìlà kan ló gbà:

sudo apt install libopenblas-dev

Bí o bá fẹ́ mọ èyí tí ẹ̀rọ rẹ ń lò báyìí, tàbí o fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀:

sudo update-alternatives --config libblas.so.3-x86_64-linux-gnu

Ohun mìíràn tó ń mú un falẹ̀ ni pé àwọn kan ń fi for, àṣẹ tó ń tún iṣẹ́ ṣe léraléra, ka nọ́ńbà inú mátíríìsì lọ́kọ̀ọ̀kan ní Python, tí wọ́n á wá bínú sí NumPy. NumPy kò ráyè ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Kọ A @ B (ìsọdipúpọ̀ mátíríìsì méjì), kí o jẹ́ kí BLAS ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò bí iṣẹ́ ṣe máa ń tóbi tó. Ìdọ́gba 1,000 pẹ̀lú àìmọ̀ 1,000 máa ń gba nǹkan bí mílíọ̀nù 670 ìṣirò kéékèèké, mátíríìsì rẹ̀ sì jẹ́ 8MB. Láptọ́ọ̀pù àlòkù á parí rẹ̀ kó o tó ṣẹ́jú. Bí o bá gbé e dé 10,000, mátíríìsì nìkan á jẹ 800MB nínú RAM. RAM ni yóò dí ọ lọ́wọ́ níbẹ̀, bákan náà ló sì máa rí fún ẹni tó fi owó ra MATLAB.

Mo mọ̀ pé dátà wọ́n, mo sì mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe máa ń rí ní àwọn abúlé kan ní Bùnú àti Yàgbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ọ̀nà yìí. Kí ẹnì kan ṣoṣo lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, kó fi pip, ètò tó ń gba àkójọ Python wọlé, tẹ èyí:

pip download numpy -d apo

Fáìlì rẹ̀ kò tó 25MB, nígbà tí MATLAB ń jẹ gígábáìtì púpọ̀. Kó gbé àpò náà sórí fíláàṣì, kí ẹnikẹ́ni tó bá gbà á tẹ èyí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá:

pip install --no-index --find-links=apo numpy

Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀dà Python àti irú ẹ̀rọ tó wà níbi tí wọ́n ti gbà á gbọ́dọ̀ bá ti ibi tí wọ́n fẹ́ lò ó mu. Èyí kì í ṣe jíjí, òfin ìwé-àṣẹ rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. OpenBLAS ti wà nínú NumPy tí pip ń gbé wá fún Windows àti Linux, kò sí pé o tún ń wá compiler (ètò tó ń sọ kóòdù di èyí tí ẹ̀rọ lè ṣe) kiri.

Ẹni tó bá fẹ́ lo LAPACK tààrà láti inú Fortran, kó rántí ibi tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ń dúró sí:

gfortran ise.f90 -llapack -lblas

Fáìlì rẹ ló ń ṣáájú, LAPACK tẹ̀ lé e, BLAS kẹ́yìn. Bí o bá yí wọn po, ó ṣeé ṣe kó sọ fún ọ pé òun kò rí dgesv_ (iṣẹ́ LAPACK tó ń yanjú ìdọ́gba), o lè wá rò pé LAPACK kò wọlé dáadáa.

Ó ku ti pípéye. Ká ní ìyá mẹ́ta ra gàrí, ẹ̀wà àti àgbàdo lọ́jà Kàbà, iye tí kálukú san nìkan la mọ̀. Ìyá kìíní ra múdù 2, 1 àti 3, ó san ₦5,900. Ìkejì ra 1, 2 àti 1, ó san ₦5,600. Ìkẹta ra 3, 1 àti 2, ó san ₦6,100. Èló ni múdù kọ̀ọ̀kan?

import numpy as np
A = np.array([[2,1,3],[1,2,1],[3,1,2]])
b = np.array([5900,5600,6100])
print(np.linalg.solve(A, b))

Gàrí 900, ẹ̀wà 2,000, àgbàdo 700. Fi bírò ṣe é wò.

Níbi tí ìdáhùn ti ń bàjẹ́ lóòótọ́, mátíríìsì fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń fà á. Mátíríìsì Hilbert, èyí tó lókìkí fún wàhálà, tó jẹ́ 10 sí 10 ní condition number (ìwọ̀n bí àṣìṣe kékeré ṣe lè di ńlá nínú ìdáhùn) tó tó 1.6 × 10¹³. Nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà kò ní ju díjíìtì 16 lọ, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí nǹkan bí 13 nínú wọn má ṣeé gbára lé mọ́. MATLAB kò lè gbà ọ́ níbẹ̀, nítorí irú nọ́ńbà kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Máa fi np.linalg.cond(A) yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú, má sì fi inv (àṣẹ tó ń wá òdì mátíríìsì) wá ìdáhùn nígbà tí solve wà. Bí díjíìtì ìkẹyìn bá yàtọ̀ láàrin ẹ̀rọ méjì, ọ̀nà tí wọ́n gbà ro wọ́n pọ̀ ló yàtọ̀, kì í ṣe pé ọ̀kan ń parọ́.

MATLAB ní ibi tó dára sí, mi ò ní bù ú kù. Simulink, ètò rẹ̀ tó ń fi àwòrán ṣe àfarawé ẹ̀rọ, dára, ọ̀pọ̀ toolbox rẹ̀ (àfikún fún iṣẹ́ kan pàtó) dára, ilé iṣẹ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń dáhùn ìbéèrè. Bí ilé ẹ̀kọ́ rẹ bá ti sanwó rẹ̀, lò ó láìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n fún mátíríìsì pùrójẹ́ẹ̀tì, kò sóhun tó sọ ọ́ di dandan.

Bí olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ bá bi ọ́ pé kí ló dé tí o kò lo MATLAB, má bá wọn jiyàn. Kọ ẹ̀dà Python àti ti NumPy sínú orí tí o ti ṣàlàyé ọ̀nà iṣẹ́ rẹ, tẹ np.show_config() kí o rí orúkọ BLAS tó wà nídìí rẹ̀, kọ ìyẹn náà. Kọ condition number mátíríìsì rẹ, kí o sì ṣírò norm (ìwọ̀n títóbi) b − Ax, kí wọ́n fojú ara wọn rí bí àṣìṣe tó ṣẹ́ kù ṣe kéré tó.