Bí device_register() bá kùnà, má ṣe pe kfree()

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ driver (ètò tó ń darí ẹ̀rọ) fún kernel Linux ló gbà pé bí device_register(), fọ́ńṣọ̀n tó ń forúkọ ẹ̀rọ sílẹ̀ nínú kernel, bá dá àṣìṣe padà, ẹ̀rọ náà kò tíì wọlé, nítorí náà kí a fi kfree() dá mẹ́mórì tí a gbà fún un sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ó jọ òótọ́, torí pé ọ̀pọ̀ fọ́ńṣọ̀n inú C tó bá kùnà kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ fún ẹni tó pè é. Èyí ń fi sílẹ̀.

Iṣẹ́ méjì ni device_register() ń ṣe: ó ń pe device_initialize(), lẹ́yìn náà ó ń pe device_add(). Ti àkọ́kọ́ kì í kùnà. Òun ló ń kọ 1 sí iye àwọn tó di struct device náà (àkójọ dátà tó dúró fún ẹ̀rọ nínú kernel) mú. Bí device_add() bá kùnà, á tú ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe ká, ṣùgbọ́n 1 yẹn ṣì wà níbẹ̀. put_device() ló ń yọ ọ́ kúrò. Nígbà tí iye náà bá di 0 ni kernel á pe release(), fọ́ńṣọ̀n ìpalẹ̀mọ́ tí driver pèsè, inú release() sì ni kfree() ń gbé. Àlàyé tó wà lórí fọ́ńṣọ̀n náà nínú drivers/base/core.c sọ ọ́ láì fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú.

Kí ni kfree() ń bà jẹ́? dev_set_name() gba mẹ́mórì lọ́tọ̀ fún orúkọ ẹ̀rọ. Bí o bá kfree() struct náà tààrà, kò sẹ́ni tó máa rántí orúkọ yẹn mọ́. Báìtì díẹ̀ ni, àmọ́ níbi tí ẹnu ihò ìsopọ̀ ti bàjẹ́, tí ẹ̀rọ ń já tó tún ń wọlé lórí sáfà (server) tí a kì í pa, ó ń kó jọ.

Àwọn tó ti gbọ́ nípa put_device() náà ń ṣàṣejù:

```
ret = device_register(&foo->dev);
if (ret) {
        put_device(&foo->dev);
        kfree(foo);
        ida_free(&foo_ida, foo->id);
}
```

put_device() ti pe release(), foo ti lọ. kfree() wá dá mẹ́mórì kan náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ìlà tó tẹ̀ lé e, ida_free() tó ń dá nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ padà, sì ń ka foo->id láti inú mẹ́mórì tó lè ti di ti ẹlòmíì. put_device() nìkan ló yẹ kó kù níbẹ̀. Kó ida_free() àti kfree() lọ sínú release(), kí ida_free() ṣáájú.

Ohun tí mo fara mọ́ jù ni kí o pe device_initialize() ní kété tí kzalloc(), tó ń gba mẹ́mórì, bá ti yege tí o sì ti fi release sí ipò rẹ̀, kí gbogbo goto (fífò sí ibi ìpalẹ̀mọ́ àṣìṣe) tó bá tẹ̀ lé e parí sí put_device() kan ṣoṣo. Ìyẹn ni pé release() gbọ́dọ̀ lè gba struct tí a kò tíì kọ́ tán: kfree(NULL) kò léwu, ṣùgbọ́n destroy_workqueue(NULL), tó yẹ kó pa ìlà iṣẹ́ rẹ́, á da kernel dé, nítorí náà yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó pè é. Àwọn kan ń kọ release() òfìfo kí ìkìlọ̀ kernel lè dákẹ́. Jọ̀wọ́, má ṣe é. Àṣìṣe náà ṣì wà, ìkìlọ̀ nìkan lo pa.

devm_kzalloc(), tó ń gba mẹ́mórì tí kernel máa dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kò yọ wá nínú èyí. Ìgbà tí driver bá kúrò lára ẹ̀rọ ló ń dá mẹ́mórì sílẹ̀, kò dúró de ẹni tó ṣì ṣí fáìlì ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Má ṣe fi gba mẹ́mórì fún struct tó ní struct device nínú.

Láti dán an wò, tan àwọn àṣàyàn ìkọ́ kernel wọ̀nyí: CONFIG_KASAN, CONFIG_DEBUG_KMEMLEAK, CONFIG_FAULT_INJECTION_DEBUG_FS, CONFIG_FAILSLAB àti CONFIG_DEBUG_KOBJECT_RELEASE, tó ń fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ dá release() dúró kí ìwà àìtọ́ lè hàn. Kọ ètò kékeré kan tó ń kọ 1 sí /proc/self/fail-nth (nọ́ńbà ibẹ̀ ló ń sọ ìkẹlòó nínú ìbéèrè mẹ́mórì ló máa kùnà), tó sì ń kọ orúkọ ẹ̀rọ sí fáìlì bind ti driver náà. Lẹ́yìn náà 2, 3, títí probe (fọ́ńṣọ̀n tí driver fi ń gba ẹ̀rọ) á fi yege láìsí ìkùnà kankan. Kọ́kọ́ kọ N sí /sys/kernel/debug/failslab/ignore-gfp-wait. Y ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí o bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ìbéèrè mẹ́mórì GFP_KERNEL (irú tó lè dúró de mẹ́mórì) kankan tó máa kùnà, wàá sì rò pé driver rẹ mọ́.